Ibùwọ̀ fún ìrìn-àjò ọjọ́ díẹ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ibùwọ̀ fún ìrìn-àjò ọjọ́ díẹ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà pín sí oríṣi méjì pàtàkì. Èkíní ni hòtẹ́ẹ̀lì, tí a tún ń pè ní ilé ìtura. Èkejì ni fúláàtì tí onílé ń fi háyà fún àlejò ní òru kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí shortlet. Orí ilẹ̀ ńlá ìlú Èkó, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ni agbègbè yìí wà. Àwọn àdúgbò bí Akọkà, Igbóbì àti Ìlàjẹ tó wà létí ọ̀sà jẹ́ ara rẹ̀ tàbí kí wọ́n bá a pààlà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá ibi tí wọn yóò sùn ní agbègbè yìí kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́. Òbí tó wá síbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè ọmọ rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe ìdánwò, oníṣòwò tó wá tẹ ìwé ní Ṣómólú, àti ẹbí tó gbé aláìsàn wá sí Ilé Ìwòsàn Egungun ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Igbóbì. Iye owó òru kan ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń wọn hòtẹ́ẹ̀lì àti fúláàtì wò, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn méjèèjì ń tà kì í ṣe ọ̀kan náà. Hòtẹ́ẹ̀lì ń ta yàrá pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó o. Fúláàtì ń ta àyè, ó sì fi púpọ̀ nínú ìtọ́jú àyè náà lé àlejò fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, iye ènìyàn, iye òru, ìdí ìrìn-àjò àti ẹni tí yóò dáhùn bí nǹkan bá bàjẹ́ ló ń pinnu èyí tó yẹ.

Ìtàn

Kí hòtẹ́ẹ̀lì tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ilé ènìyàn ni àlejò ń wọ̀ sí. Ẹbí, ọ̀rẹ́, oníbàárà tàbí baálé àdúgbò ni í gbà á sílé. Tonílé tàlejò ló mọ̀ pé ìgbà díẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí òwe tó ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tó gba àlejò náà ni í ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ lójú àwọn ará àdúgbò. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá lo ọ̀rọ̀ náà "ilé èrò" fún ibi tí arìnrìn-àjò ń sùn sí.

Irú ètò mìíràn wà ní Sábó ìlú Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1916. Níbẹ̀, àwọn onílé Hausa tí wọ́n ń pè ní maigida a máa fún àwọn oníṣòwò obì àti màlúù tó ti òkèèrè wá ní ibi ìsùn àti oúnjẹ. Wọn kì í gba owó yàrá. Èrè orí ọjà tí wọ́n bá àlejò tà tàbí rà ni wọ́n ń jẹ. Maigida náà ló tún máa ń ṣe onídùúró fún àlejò rẹ̀ nínú òwò àwìn. Abner Cohen ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1969.

Nígbà ìjọba amúnisìn, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó kì í gba ènìyàn dúdú. Ní ọdún 1947, Hòtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Erékùṣù Èkó kọ̀ láti fún Ivor Cummings ní yàrá nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn ará ìlú nínú gan-an, ìwọ́de sì bẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Gómìnà Arthur Richards pàṣẹ pé kí wọ́n fòpin sí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì Federal Palace ṣí ní ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira, Eko Hotel sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1977. Victoria Island ni àwọn méjèèjì wà.

Fúláàtì olóru kọ̀ọ̀kan gbilẹ̀ lẹ́yìn tí íntánẹ́ẹ̀tì ti mú un rọrùn fún onílé láti fi àwòrán yàrá rẹ̀ han ẹni tí kò mọ̀ rí. Wọ́n dá Airbnb sílẹ̀ ní ìlú San Francisco, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2008. Ní Nàìjíríà, Mark Essien dá Hotels.ng sílẹ̀ ní ọdún 2013 fún gbígba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Púpọ̀ nínú òwò fúláàtì ní Èkó ṣì ń gba ọwọ́ àwọn ajẹ́ńtì, WhatsApp àti Instagram kọjá.

Ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì

Hòtẹ́ẹ̀lì máa ń ní òṣìṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà tó ń gba àlejò, tó sì ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Bí omi kò bá yọ tàbí tí ẹ̀rọ amúlétutù bá kọṣẹ́, àlejò lè béèrè fún yàrá mìíràn lójú ẹsẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ni í tẹ́ ibùsùn, tí wọ́n sì ń gbá ilẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀ lè wà nínú owó yàrá. Àìdára rẹ̀ ni pé àyè kì í pọ̀ nínú yàrá, àlejò kì í sábà rí ibi dáná, ẹni méjì péré sì ni ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ń gbà sí yàrá kan.

Fúláàtì ní pálọ̀, yàrá ìdáná àti yàrá ìsùn kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹbí lè jọ wà lójú kan, kí wọ́n se oúnjẹ tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n sì fọ aṣọ wọn. Ṣùgbọ́n onílé lè máà sí nítòsí. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù ní aago mẹ́wàá alẹ́, tàbí tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá dúró, nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ni àlejò lè ní láti pè. Bí fúláàtì náà kò bá sì dára, kò sábà sí òmíràn tí onílé lè fi rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà kẹta tún wà ní agbègbè yìí, èyíinì ni ilé àlejò tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọkà. Ó wúlò fún ẹni tí ọgbà náà gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, àmọ́ ó yẹ kí a tètè béèrè bí àyè bá wà, pàápàá ní àkókò ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè.

Ìṣirò owó

Iye tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán kì í sábà jẹ́ gbogbo owó tí àlejò yóò san. Hòtẹ́ẹ̀lì lè fi owó-orí lé e. Fúláàtì lè ní owó ìmọ́tótó, àti owó tí àwọn ará Èkó ń pè ní caution, èyí tí onílé ń gbà sílẹ̀ nítorí ohun tó lè bàjẹ́, tí ó sì yẹ kó dá padà bí ohun gbogbo bá pé.

Àpẹẹrẹ ìṣirò nìkan ni èyí tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe iye tó wà lọ́jà. Ká ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì fún ẹni méjì jẹ́ ₦40,000 ní òru kan, tí owó-orí ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún sì wà lórí rẹ̀. Ká ní fúláàtì oníyàrá méjì jẹ́ ₦70,000 ní òru kan, owó ìmọ́tótó ₦15,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, caution ₦50,000.

Ẹni mẹ́rin tí yóò sun òru mẹ́ta nílò yàrá hòtẹ́ẹ̀lì méjì. Owó yàrá yóò jẹ́ ₦240,000, owó-orí yóò sì sọ ọ́ di ₦270,000. Fúláàtì fún òru mẹ́ta yóò jẹ́ ₦210,000, owó ìmọ́tótó yóò sì sọ ọ́ di ₦225,000. Fúláàtì ló dín ní ₦45,000. Síbẹ̀, ₦275,000 ni owó tí ẹbí náà gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, nítorí caution.

Fún ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ sun òru kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Hòtẹ́ẹ̀lì yóò jẹ́ ₦45,000, fúláàtì yóò sì jẹ́ ₦85,000 láìka caution.

Ẹ̀kọ́ inú ìṣirò yìí ni pé owó hòtẹ́ẹ̀lì ń gòkè ní gbogbo ìgbà tí a bá nílò yàrá mìíràn, nígbà tí owó fúláàtì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí ènìyàn bá pọ̀ sí i, títí dé iye tí onílé fàyè gbà. Bákan náà, bí òru bá ṣe pọ̀ tó ni owó ìmọ́tótó ẹ̀ẹ̀kan yóò ṣe fúyẹ́ lórí òru kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí yóò máa dáná yóò tún rí ẹ̀dínwó lórí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ kò ní jẹ́ kó dúró sílé kò ní jèrè yàrá ìdáná tó sanwó rẹ̀.

Àdírẹ́sì àti ọ̀nà

Orúkọ àdúgbò lè ṣi àlejò lọ́nà ní Èkó. Ìlàjẹ tó wà ní Bàrígà gba orúkọ lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, ẹ̀yà Yorùbá tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ẹja pípa, tí ìlú baba wọn sì wà létí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ṣùgbọ́n àwọn Ìlàjẹ tẹ̀dó sí ibi púpọ̀ létí omi Èkó, àdúgbò mìíràn tó ń jẹ́ Ìlàjẹ sì wà ní Ajah, ní ọ̀nà Lẹ́kkí. Omi ọ̀sà àti ọ̀nà jíjìn ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó ní ìdánwò ní Akọkà, tó wá sanwó ibùwọ̀ sí Ìlàjẹ ti Ajah, lè pẹ́ dé tàbí kó pàdánù ìdánwò náà. Nítorí náà, kí àlejò gba orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ilé àti ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ọn jù, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí àwòrán ilẹ̀ kí ó tó sanwó.

Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, ọ̀nà Ọ̀ṣòdì àti Gbàgádà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà dé Bàrígà. Ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní ibùdó ní Yábàá, ṣùgbọ́n èrò ṣì ní láti wọ ọkọ̀ mìíràn láti ibẹ̀ wá sí Akọkà tàbí Bàrígà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Erékùṣù Èkó lè gba Afárá Third Mainland, tí wọ́n parí ní ọdún 1990, tó sì gùn tó kìlómítà 11.8. Etí omi Bàrígà ni afárá náà gbà kọjá, àmọ́ ẹni tó wà ní Ìlàjẹ kò lè gun orí rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní láti lọ gùn ún láti apá Ọ̀wọ́rònṣòkí tàbí Adékúnlé. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣómólú, nítorí náà kò yẹ kí àlejò gbọ́kàn lé e láti sáré dé ibi tó ń lọ.

Ní àsìkò òjò, ó tún yẹ kí a béèrè bóyá omi máa ń gba ojú ọ̀nà tó lọ sí ilé náà, pàápàá ní àwọn òpópónà tó sún mọ́ ọ̀sà.

Iná àti omi

Ibùwọ̀ tó dára lójú àwòrán lè nira láti gbé bí kò bá sí iná. Ikeja Electric ló ń pín iná fún agbègbè Ṣómólú. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn oníbàárà tó wà ní Band A, tí wọ́n yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, ń san iye tó ga ju ti àwọn yòókù lọ. ₦225 fún kílówáàtì-wákàtí kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo òpópónà ló wà ní Band A.

Nínú hòtẹ́ẹ̀lì, owó iná àti ti jẹnẹrétọ̀ sábà máa ń wà nínú owó yàrá. Nínú fúláàtì, ó yẹ kí a béèrè ẹni tí yóò ra iná sínú mítà, wákàtí mélòó ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, ta ni yóò ra epo rẹ̀, àti bóyá ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣiṣẹ́ lórí íńfátà. Ìdáhùn "iná wà dáadáa" kò tó. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ omi: bóyá kànga ẹ̀rọ wà, àti bóyá omi ń yọ nígbà tí iná bá lọ.

Òfin àti owó-orí

Ní ọdún 2009, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó fi owó-orí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó yàrá hòtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ ilé oúnjẹ. Yàtọ̀ sí èyí, owó-orí VAT ti ìjọba àpapọ̀ di ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kejì ọdún 2020. Nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì bá fi méjèèjì kún owó yàrá, ìdá 12.5 ni àpapọ̀ wọn. Ó dára kí àlejò béèrè bóyá iye tí wọ́n pè ti ní owó-orí nínú.

Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ nínú ẹjọ́ láàárín ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ Èkó pé àṣẹ láti forúkọ hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ àti láti pín wọn sí ìpele jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀.

Òfin Ilé Yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò fàyè gba onílé láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì ní kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ayálégbé olóṣù tàbí ọlọ́dún ni irú òfin bẹ́ẹ̀ kọjú sí jù lọ. Ohun tí àlejò òru mẹ́ta lè fi gbèjà ara rẹ̀ ni àdéhùn tó wà ní àkọsílẹ̀: ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tí yóò lọ, iye tó san, àti bí wọn yóò ṣe dá caution padà.

Ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí a fura sí ni pé ẹni tó ń fi fúláàtì háyà lè jẹ́ ayálégbé fúnra rẹ̀. Bí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú onílé kò bá fàyè gba irú òwò bẹ́ẹ̀, ìjà wọn lè já lé àlejò lórí.

Ẹ̀tàn àti ààbò

Ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ nínú òwò fúláàtì ni pé kí ẹnì kan jí àwòrán ilé onílé, kí ó gba owó, kí ó sì pa fóònù rẹ̀. Ẹni tó ti ìlú mìíràn sanwó sínú àpò owó ẹni tí kò mọ̀ rí lè dé ẹnu ọ̀nà ilé tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Àwọn ohun tó lè dín ewu yìí kù nìyí:

• kí ojúlùmọ̀ kan tó wà ní Èkó lọ wo ilé náà, tàbí kí onílé fi fídíò hàn án lójú ẹsẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti géètì títí dé inú yàrá;
• kí orúkọ tó wà lórí àpò owó báńkì bá ti ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń bá a sọ̀rọ̀ mu;
• kí ó má san gbogbo owó ní ìta íkànnì, bó bá jẹ́ pé íkànnì tó ń di owó mú títí àlejò yóò fi dé ni ó ti rí ilé náà;
• kí ó ya àwòrán gbogbo ohun tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, kí wọ́n má bàa yọ owó rẹ̀ kúrò nínú caution;
• kí ó gba nọ́ńbà ẹni tó wà nítòsí ilé, yálà ọlọ́dẹ tàbí alábòójútó, yàtọ̀ sí ti ajẹ́ńtì.

Hòtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú kò ṣàìní ewu tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí yàrá, àlejò mìíràn sì ń wọlé, wọ́n ń jáde. Síbẹ̀, ibi tí hòtẹ́ẹ̀lì wà kì í pòórá, ẹni tí a sì lè fẹjọ́ sùn máa ń wà lórí ìjókòó.

Ìpa lórí àwọn olùgbé

Òwò ibùwọ̀ ń mú owó wọlé fún ìlú Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé ìrìn-àjò afẹ́ àti ìgbádùn mú dọ́là mílíọ̀nù 71.6 wọlé ní oṣù kejìlá ọdún 2024; hòtẹ́ẹ̀lì mú mílíọ̀nù 44 nínú rẹ̀, shortlet sì mú mílíọ̀nù 13.

Ṣùgbọ́n fúláàtì kọ̀ọ̀kan tí a yà sọ́tọ̀ fún àlejò jẹ́ fúláàtì kan tí ayálégbé ọlọ́dún kò lè rí yá. Ní ìlú New York, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ní kí ẹni tó ń gba àlejò tí kò ní lò tó ọgbọ̀n ọjọ́ forúkọ sílẹ̀, kí ó sì máa gbé inú ilé náà pẹ̀lú àlejò rẹ̀. Ní ọdún 2024, ìlú Barcelona kéde pé òun yóò fòpin sí ìwé-àṣẹ fúláàtì àlejò tó lé ní 10,000 títí di ọdún 2028.

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń jọ lo géètì, àgbàlá, àtẹ̀gùn àti kànga. Aládùúgbò kò ní ìpín nínú owó tí àlejò san, àmọ́ òun ni yóò gbọ́ ariwo rẹ̀ lóru, tí yóò sì rí ojú tuntun ní àgbàlá lójoojúmọ́. Àlejò tó kí àwọn ará ilé, tó dín ohùn orin kù, tí kò sì pe ènìyàn púpọ̀ jọ, ń dáàbò bo ara rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn aládùúgbò ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ bó bá ké fún ìrànlọ́wọ́.

Yíyan gẹ́gẹ́ bí ìdí ìrìn-àjò

Ẹnì kan tó wá ṣe ìdánwò tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún òru kan tàbí méjì sábà máa ń jèrè hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé àlejò tó sún mọ́ ibi tó ń lọ, nítorí kò ní àkókò láti máa wá epo jẹnẹrétọ̀ kiri. Òbí àti ọmọ mẹ́ta tó wá síbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè lè jèrè fúláàtì, bí wọ́n bá lè rí ẹni bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. Oníṣòwò tó ń dúró de iṣẹ́ ìtẹ̀wé, tí kò mọ ọjọ́ tí yóò parí, nílò ibi tó lè fi òru kan kún tiẹ̀ láìní wàhálà. Èyí rọrùn jù ní hòtẹ́ẹ̀lì tí kò kún.

Fún ẹbí tó gbé aláìsàn wá sí Igbóbì, yàrá ìdáná lè ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo lọ, nítorí oúnjẹ aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn náà fúnra rẹ̀ yóò bá sùn níbẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni iye àtẹ̀gùn tó wà láàárín géètì àti yàrá. Fúláàtì tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta kò wúlò fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú símẹ́ǹtì, bó ti wù kí owó rẹ̀ dín kù tó. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ lè fi yàrá hòtẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kó lọ sí fúláàtì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fojú ara wọn rí i.